Ẹ Bi Wá Nípa Ẹja: Yanrìn wo ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ táńkì omi iyọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà níbí ni mò ń gbé, nílùú Òṣogbo. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sin ẹja inú omi lásán nínú ilé, àmọ́ ní báyìí ọkàn mi ti lọ sórí omi iyọ̀, èyí tí ẹja aláràbarà àti kọ́ràlì, ẹranko òkun tó le bí òkúta, ń gbé inú ẹ̀. Mo ti ra táńkì, gígùn ẹ̀ 90 cm, fífẹ̀ ẹ̀ 45 cm, gíga náà 45 cm. Òkúta ti wà nílẹ̀, yanrìn ló kù, òun ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ bu yanrìn odò Ọ̀ṣun, ẹlòmíì ní kí n ránṣẹ́ sí Èkó kí wọ́n bá mi bu ti etí òkun, àbúrò mi tó ń sin adìyẹ ní ìkarahun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ náà á ṣe é. Èwo ni kí n gbà? Báwo ló ṣe yẹ kó ki tó? Tí mo bá dà á tán, kí ló kàn? — Bàbá Ìbejì, Òkè-Fìà.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó dà á sí i, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí wa ti da tiwọn tán, ẹja ti wà nínú ẹ̀, kí wọ́n tó máa wá ẹni tí wọn á bi, bẹ́ẹ̀ yanrìn rọrùn láti dà síbẹ̀ àmọ́ ó le gan-an láti kó kúrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti odò Ọ̀ṣun kúrò nílẹ̀. Ẹ má bù ú o. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà láàárín ìlú yìí àti ẹja odò yẹn, orúkọ oyè ọba wa pàápàá ń sọ ọ́, Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Nínú Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2005, a kì í pẹja, a kì í dọdẹ, a kì í gégi, ṣé yanrìn ni kí n wá ní kí ẹ lọ bù níbẹ̀? Ká tiẹ̀ ní odò míì lẹ́yìn ìlú lẹ fẹ́ lọ, ohun tó wà nísàlẹ̀ odò wa ni quartz, òkúta líle tó ti fọ́ wẹ́wẹ́, yanrìn tí bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì náà ni. Quartz fúnra ẹ̀ kì í ṣe májèlé, mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn kan wà tó ń lo èyí tó mọ́ dáadáa tí nǹkan kan ò sì ṣe ẹja wọn. Ohun tó máa bá a wá ni mò ń bẹ̀rù: ẹrẹ̀, ewé jíjẹrà, irin, àti ohun tí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ń dà sómi, gbogbo wa la ṣáà rí bí àwọ̀ odò Ọ̀ṣun ṣe yí padà. Bàbà (copper) tín-ín-tín tí ẹja lè fara dà á pa edé, á pa ìgbín òkun, kọ́ràlì náà ò ní yè é, ẹ ò sì ní fojú rí i.

Ti etí òkun Èkó ńkọ́? Àwọn èèyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ pé létí òkun ló wà, ti òkun náà ni. Rárá. Odò ló wọ́ yanrìn yẹn wá láti òkè ilẹ̀, ìgbì ló kó o jọ sétí omi, quartz náà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ wá fi epo ọkọ̀ ojú omi àti ìdọ̀tí ìlú ńlá kún un. Yanrìn funfun báláú tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò àwọn erékùṣù bíi Maldives, ara kọ́ràlì àti ìkarahun nìyẹn ti wá, kò bá tiwa tan rárá.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ bu yanrìn náà ṣíbí kan sínú àwo gbígbẹ, ẹ kán fínígà sí i, tí fínígà ò bá sí nílé ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Tó bá ń hó, tó ń yọ ìfófó, calcium carbonate ni, ohun tí kọ́ràlì àti ìkarahun fi ń kọ́ ara wọn. Tó bá dákẹ́ lọ gbári, yanrìn ilé kíkọ́ ni, kódà bó funfun bí òwú, kódà bí wọ́n kọ ohun tó wù wọ́n sára báàgì. Lẹ́yìn náà ẹ tún wá mágínẹ́ẹ̀tì, ti inú sípíkà àtijọ́ náà dáa, ẹ fi náílọ̀n wé e, ẹ fi wọ́ inú yanrìn náà lọ wọ́ ọ bọ̀. Tí hóró dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin wà nínú ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ìkarahun adìyẹ tí àbúrò yín sọ, á hó dáadáa tí ẹ bá fún ọsàn sí i, torí calcium carbonate ni lóòótọ́, nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi ń fún adìyẹ ẹlẹ́yin kí èèpo ẹyin lè le. Mo ti rí ẹni tó dì í sínú àpò kékeré, tó fi sínú fítà táńkì cichlid, ẹja omi lásán ti Lake Malawi, ó dáa fún ìyẹn. Àmọ́ kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún kọ́ràlì, rárá. Etí ẹ̀ mú, ó lè ya ẹja tó ń fi ẹnu walẹ̀ lára, àlàfo àárín ẹ̀ sì tóbi débi pé oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja á máa rì sínú ẹ̀, níbi tí ìgbín kankan ò lè dé, á wá jókòó síbẹ̀ á máa jẹrà. Lúlú òkúta limestone tí wọ́n tún máa ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kó sún mọ́ táńkì, omi yín á funfun bí ògì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rà ni aragonite. Calcium carbonate lòun náà, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà láyé ló ń wá láti Bahamas, ọwọ́ àwọn tó ń kó ẹja òkun wọlé sí Èkó lẹ ti máa rí i. Àwọn ọlọ́jà á sọ fún yín pé tí ẹ bá ti ní aragonite, omi ò ní kan mọ́, pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, á dúró gbọn-in títí ayé. Ẹ má gbà á gbọ́. Omi òkun tó dáa, pH ẹ̀ máa ń wà láàárín 8.1 sí 8.3, aragonite kì í sì í yọ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àfi kí pH já wálẹ̀ gan-an, kó lọ sí bíi 7.7, èyí tó lè ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yanrìn tó ki. Ẹ ṣì máa fi ọwọ́ ara yín wọn alkalinity, agbára tí omi ní láti má jẹ́ kí pH já, kó wà ní 8 sí 9 dKH (òṣùwọ̀n ẹ̀ nìyẹn), kí calcium wà níbi 420 ppm, ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan. Kí wá nìdí tí mo fi yàn án? Torí a mọ ibi tó ti wá, torí kì í da silica, èròjà inú quartz, sómi, torí ojú ẹ̀ kì í mú fún ẹranko tó ń gbé inú ẹ̀, àti torí pé ó funfun, ìmọ́lẹ̀ a máa ta padà láti ara ẹ̀ sára kọ́ràlì.

Ìwọ̀n hóró ẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Èyí tó kúnná bíi ṣúgà rẹwà, àmọ́ bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tó ń ru omi, á fò, á bo kọ́ràlì mọ́lẹ̀, kọ́ràlì ò sì fẹ́ irú omi jẹ́jẹ́ tí yanrìn yẹn fẹ́. Èyí tó tóbi bí àgbàdo tí wọ́n fọ́ fún adìyẹ, ìyọnu ìkarahun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló ní. Èyí tó wà láàárín, 1 sí 2 mm, bíi hóró jéró, òun ni kí ẹ wá. Ẹ ra èyí tó gbẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta èyí tó wà nínú omi, tí wọ́n ń pè ní live sand, pé bakitéríà ti wà nínú ẹ̀, àmọ́ báàgì tó ti jókòó sínú oòrùn láti ebúté dé ṣọ́ọ̀bù, kí ló kù nínú ẹ̀ tó wà láàyè tí mo fẹ́ fi owó tó tó ìlọ́po méjì rà? Ẹ tọrọ yanrìn ife kan lọ́wọ́ ẹni tí táńkì ẹ̀ ti dàgbà tí ara ẹja ẹ̀ sì le, ẹ wọ́n ọn lé tiyín, ó tó.

Ó wá ku bí á ṣe ki tó, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn kan a máa tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, 2.5 sí 5 cm, àwọn míì a máa kó o jọ dé 10 sí 15 cm. Àwọn tó ń ṣe èyí tó ki ní ìdí tó dáa. Ìgbẹ́ ẹja a máa di amóníà, bakitéríà a sọ amóníà di nitrite, òmíràn a sọ nitrite di nitrate, nitrate yìí á wá máa pọ̀ sí i nínú omi. Nísàlẹ̀ yanrìn tó ki, ọ́síjìn kì í dé ibẹ̀, irú bakitéríà míì ló ń gbé ibẹ̀, òun ló máa já nitrate yẹn, á sọ ọ́ di nitrogen, irú èyí tó kún inú afẹ́fẹ́, á rú jáde lọ. Ọgbọ́n ńlá ni, mo gbóríyìn fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀.

Yanrìn mi ki tó 12 cm, ó ti lé ní ọdún méjì tí ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo gbé òkúta kan tó ti rì sínú yanrìn, pé kí n tún ibẹ̀ ṣe. Bí mo ṣe fà á báyìí, ìfófó rú jáde, òórùn ẹyin jíjẹrà gba gbogbo pálọ̀. Hydrogen sulfide ni, ó ti kó jọ púpọ̀ síbi tí ọ́síjìn ò dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja mẹ́ta ti kú, mi ò gbàgbé ẹ̀ títí dòní, pàápàá clownfish méjì tí wọ́n ti yan ara wọn lọ́kọláya. Yanrìn tó ki fẹ́ kéèyàn má fọwọ́ kàn án rárá, ó fẹ́ oríṣiríṣi kòkòrò àti ekòló òkun tí á máa walẹ̀ nínú ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fẹ́ iná tí kì í lọ. Lóòótọ́ Òṣogbo níbí ni National Control Centre tí wọ́n ti ń darí iná Nàìjíríà wà, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí iná ilé yín ṣe ń lọ. Tí ẹ̀rọ tó ń ru omi bá dákẹ́, gbogbo ohun tó ń mí nínú yanrìn á máa bá ẹja du ọ́síjìn ìwọ̀nba tó kù, bí yanrìn bá ṣe ki tó ni ìyà náà ṣe máa pọ̀ tó.

Nítorí náà, 3 sí 4 cm ni kí ẹ tẹ́, Bàbá Ìbejì. Ó rẹwà, ìgbín á lè walẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ á lè fi họ́ọ̀sì fa ìdọ̀tí inú ẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìṣirò ẹ̀ ò le: 90 nígbà 45 nígbà 4, lítà 16 lé díẹ̀, lítà kan aragonite gbígbẹ sì wọ̀n tó kíló kan àbọ̀, ó já sí bíi kíló 24. Òkúta á gba ibì kan nínú ilẹ̀ náà, kíló 20 lè tó yín. Àfi tí ẹ bá ní ẹja wrasse tó máa ń sùn sínú yanrìn lẹ fẹ́ sìn, ìyẹn fẹ́ tó 7 cm, kó má fẹnu gbá gíláàsì ìsàlẹ̀ lálẹ́. Àwọn míì wà tí wọn kì í da yanrìn kankan sí i, gíláàsì lásán, ó rọrùn láti nù, àmọ́ lójú tèmi kò jọ ilé ẹja.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ da omi sí i, ẹ fọwọ́ rò ó, ẹ da omi funfun orí ẹ̀ nù, ẹ tún un ṣe títí omi fi mọ́, omi kànga dáa fún èyí, kí ẹ wá fi omi mímọ́ ṣan án kẹ́yìn. Òkúta ló máa kọ́kọ́ wọ táńkì o, kó jókòó sórí gíláàsì fúnra ẹ̀, kí yanrìn wá yí i ká. Ẹni tó bá gbé òkúta lé orí yanrìn, ọjọ́ tí ẹja tó ń walẹ̀ bá wa abẹ́ ẹ̀, òkúta á yí, ó lè pa ẹja, ó lè fọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn èyí ẹ po omi iyọ̀ sínú ọpọ́n lọ́tọ̀, iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún táńkì kọ́ràlì, bíi 36 g sí lítà kan, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Omi tí ẹ máa fi pò ó ni èyí tó gba RO/DI kọjá, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ohun tó yọ́ sínú omi kúrò, kí TDS mítà, èyí tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, ka 0. Omi boho Òṣogbo kì í ka 0, pure water náà kò dájú, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ rí i. Tí iyọ̀ bá yọ́ tán, tí salinity, ìwọ̀n iyọ̀ inú omi, dé 35 ppt (ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún), tí ó sì móoru tó 25 tàbí 26°C, ẹ gbé pléètì sórí yanrìn, kí ẹ máa da omi sórí pléètì náà jẹ́jẹ́. Omi á ṣú, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é tí ò ní ṣú. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ fi fítà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, á mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ má ra ẹja. Mo mọ̀ pé ó dùn ún sọ, ó nira fún ẹni tó ti náwó. Ẹ ju ẹyọ edé tútù kan sínú ẹ̀, èyí tí wọn ò fi iyọ̀ tàbí ata pa lára, kó jẹrà, kí amóníà jáde, kí bakitéríà lè rí oúnjẹ jẹ kí wọ́n sì tẹ̀dó sára òkúta àti yanrìn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n: amóníà á gòkè á já, nitrite á gòkè á já, nitrate á yọjú. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọjọ́ tí amóníà àti nitrite bá jẹ́ 0 tí wọ́n sì dúró síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi díẹ̀, ẹ fi ìgbín síwájú, Nassarius tó máa ń rì sínú yanrìn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, tó bá gbóòórùn oúnjẹ á yọ imú jáde, àti cerith. Lẹ́yìn wọn ni ẹja kan. Ìràwọ̀ òkun tó ń jẹ inú yanrìn, tí wọ́n máa fẹ́ tà fún yín pé á bá yín gbá ilẹ̀, ẹ má rà á, nínú táńkì tó kéré bíi tiyín á jẹ gbogbo ohun tó wà láàyè nínú yanrìn tán láàárín oṣù díẹ̀, ebi á sì pa á kú.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí, Ògo-Olúwa ni mò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni táńkì mi, gbogbo yanrìn funfun mi ti di àwọ̀ kọfí, bí ẹni da eruku sí i. Ṣé kí n kó o dànù kí n ra òmíràn?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó o dànù, ẹ̀gbọ́n mi. Diatom nìyẹn, ewé omi kékeré tí ojú ò lè rí lẹ́yọ lẹ́yọ, silica ló ń jẹ, ó sì máa ń yọ sí púpọ̀ nínú táńkì tuntun. Tí silica inú omi bá tán, á lọ fúnra ẹ̀, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Yanrìn tuntun tí ẹ bá rà á tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fi họ́ọ̀sì fa orí ẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, kí ẹ sì wọn TDS omi tí ẹ fi ń dí èyí tó gbẹ, tó bá ti kúrò ní 0, ibẹ̀ ni oúnjẹ ẹ̀ ti ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbẹ́ gíláàsì mi dúdú nísàlẹ̀, nínú yanrìn. Ẹ̀rù ń bà mí lẹ́yìn tí mo gbọ́ nípa òórùn ẹyin yẹn. — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìgbọ̀nà.

ÌDÁHÙN: Wò ó, ṣé apá tó kọjú sí fèrèsé nìkan ló dúdú? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oòrùn ló ń wọ inú yanrìn láti ẹ̀gbẹ́, ewé omi ló hù síbẹ̀. Lẹ téèpù dúdú mọ́ ara gíláàsì níta, kó ga tó yanrìn, á kú. Tó bá jẹ́ pé yíká ló dúdú, tí yanrìn ẹ sì ki, má rò ó, má fi igi gún un. Fi í sílẹ̀. Tí yanrìn ẹ ò bá ju 4 cm lọ, fi họ́ọ̀sì fa ìdọ̀tí inú ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ìdá kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, má ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, torí bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ ló wà nínú ẹ̀. Dín oúnjẹ tó ò ń fún ẹja kù pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: À ń kó kúrò ní Òṣogbo lọ sí Ẹdẹ lóṣù tó ń bọ̀, táńkì wa ti pé ọdún mẹ́rin. Ṣé a lè gbé e pẹ̀lú yanrìn nínú ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbé e pẹ̀lú yanrìn o, kódà tí omi bá ti tán nínú ẹ̀. Yanrìn tútù wúwo gan-an, kòtò ojú ọ̀nà kan péré lè mú kí gíláàsì ya níbi tí gọ́ọ̀mù ti so ó pọ̀. Ẹ kó ẹja àti òkúta sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi táńkì náà kí ẹ tó fọwọ́ kan yanrìn rárá, kí ẹ gbé páńpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì dání. Ẹ bu orí yanrìn náà, 1 cm òkè yẹn nìkan, sínú ike pẹ̀lú omi díẹ̀, òun ni ẹ máa wọ́n lé orí tuntun bí ẹ bá dé. Èyí tó kù nísàlẹ̀, ọdún mẹ́rin ìdọ̀tí ló wà nínú ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní bí ẹni fọ yanrìn tuntun, tàbí kí ẹ rà òmíràn. Bí ẹ bá ti gún un kalẹ̀ ní Ẹdẹ, ẹ wọn amóníà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí omi iyọ̀ tí ẹ ti pò sílẹ̀ sì wà nítòsí.